Abọ́ Ìyàwó Sìdíkátù

Láràárọ̀, bí Sìdíkátù bá ti kírun àsùbá tán, yóò fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀, yóò jókòó sídìí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, yóò sì máa fi ṣóńṣó rẹ̀ gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni o. Ti òsì kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ó ta yín?"

"Ó ta mí."

"Níbo?"

"Ní àtàǹpàkò."

"Ibí ńkọ́?"

"Obìnrin yìí, mo ní ó ta mí. Ṣé o fẹ́ gún ẹsẹ̀ náà yọ sódì kejì ni?"

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ọláìtán, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò Banikanni ní Parakou, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà a máa pa ẹsẹ̀ sára èèyàn, egbò á máa jẹ ẹ́ lábẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ ò ní mọ̀. Ó ní kí Sìdíkátù máa dán an wò lójoojúmọ́, pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ náà ò bá gbọ́ ìgbálẹ̀ mọ́, kí wọ́n má ṣe dúró jẹun kí wọ́n tó gbé e wá. Ní oṣù àkọ́kọ́, irọ́ ni bàbá náà ń pa fún un. Á máa wo ọwọ́ rẹ̀, bó bá ti rí i tí ìgbálẹ̀ kan ara, á ní ó ta òun. Lọ́jọ́ kan, Sìdíkátù ṣe bí ẹni tó gún un, kò sì gún un. Ọkùnrin náà ní, "Yéè, rọra!" Láti ọjọ́ náà ló ti ń ní kó kọjú sí ògiri kí òun tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má tíì bá Sàrúmì, ọkọ rẹ̀, jà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru obì dé Parakou, tó sọ ẹrù kalẹ̀, tó ní òun ò lọ mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan nínú ìdílé wọn tó sọ̀rọ̀ àìní létí àlejò. Wọ́n ní àlejò òní ni oníbàárà ọ̀la, ta ni yóò sì lọ ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ń ráhùn? Nílé wọn, iyọ̀ kì í tán. Bí iyọ̀ bá tán, ọmọ á gbé abọ́ lọ sílé kejì, á ní, "Wọ́n ní kí ẹ bá wa fi kún iyọ̀ wa." Bí ebi bá pa Sàrúmì fún ọjọ́ méjì gbáko, tí o bá bi í pé ṣé kò sí, á fọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀, á ní, "Alìhámúdúlíláì, a ò ṣaláìní nǹkan kan." Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ ò bá sí níkùn àgbà náà ńkọ́?

Táyà ló ń tà lọ́jà, ogójì ọdún gbáko. Sìdíkátù ní tiẹ̀, abọ́ tánńganran ló ń tà, irú èyí tí wọ́n fi ń sin ìyàwó. Ẹni tí kò bá mọ Parakou lè rò pé abọ́ lásán ni. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìyàwó tí kò ní abọ́ ò tíì délé ọkọ. Ìyá rẹ̀ ni yóò ti máa rà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́, olódòdó pupa, olódòdó búlúù, elétí góòlù, títí yóò fi tó. Wọ́n á tò wọ́n léra nínú yàrá rẹ̀, èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀, títí yóò fi kan àjà. Ẹnikẹ́ni kì í jẹun nínú wọn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń nù wọ́n. Bí àlejò pàtàkì bá sì dé, ìyàwó á ká aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ sókè díẹ̀, kí àlejò lè rí i pé kì í ṣe ilé ẹni lásán ni òun wọ̀. Òpó méje ni Sìdíkátù gbé wọ ilé Sàrúmì ní àdúgbò Ladjifarani, ní ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé ọmọlanke méjì ló kó o.

Ó wá kan ẹsẹ̀ òsì. Wáyà inú táyà ògbólógbòó kan ló wọ ọ́ lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ inú bàtà, ó wọ inú ẹran, Sàrúmì sì fi rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó fi kí ìrun mẹ́ta, kò mọ̀. Ìgbà tó dé ilé tó bọ́ bàtà ni Sìdíkátù rí ẹ̀jẹ̀. Ó pariwo. Ọkọ rẹ̀ ní, "Kín ló ń ṣe ọ́? Kò dùn mí." Àìdùn yẹn gan-an ni ìṣòro, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ̀ nígbà náà.

Egbò náà kò jiná. Ọláìtán ní iṣẹ́ abẹ ló máa gbà á là, kí wọ́n gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀, kí ó sì máa gba abẹ́rẹ́ ṣúgà láìyẹ̀ ọjọ́ kan. Ó kọ owó ẹ̀ sí ìwé pélébé kan. Sìdíkátù wo ìwé náà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sínú ìdí aṣọ. Abẹ́rẹ́ yẹn nìkan, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, owó adìyẹ kan ni. Kí ọdún tó yí, ó di owó adìyẹ méjì. Nígbà tó yá, ó di owó ewúrẹ́. Bí o bá bi àwọn tó ń tà á, wọ́n á ní láti òkè ló ti wọ́n. Òkè wo? Mi ò tíì rí ẹni tó gun òkè yẹn kó sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí rédíò fi kéde káàdì ìlera. Ìjọba ní àwọn ń bọ̀ wá kọ orúkọ àwọn tí agbára wọn ò ká owó ìwòsàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọlé, iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́, òwú ojú egbò, kò ní san nǹkan kan. Mùktárù, baálẹ̀ àdúgbò, rìn láti ojúlé dé ojúlé, ó ní ọjọ́ Alàmísì ni àwọn akọ̀wé ń bọ̀. Sàrúmì ní, "Àlejò ìjọba ń bọ̀ nílé mi." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Àlejò.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Láti ìdájí Alàmísì ni Sìdíkátù ti gbálẹ̀ tó sì wọ́nmi. Ó lọ sílé kejì, lọ́dọ̀ Húsnà, ó yá àga onítìmùtìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọkọ Húsnà rà wálé láti Malanville, ó tún yá tábìlì dídán rẹ̀. Ó pa awó kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìnkùlé. Ó nu abọ́, òpó méjèèje, kì í tilẹ̀ ṣe Jímọ̀. Ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè. Sàrúmì wọ agbádá funfun tó fi ṣe ọdún Iléyá, ó dé fìlà, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ bo egbò kí òórùn má bàa yọ àlejò lẹ́nu.

Ọmọbìnrin akọ̀wé náà dé lórí alùpùpù, Títílọpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ṣábẹ̀, tó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Inú Sàrúmì dùn sí i. Wọ́n gbé awó síwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó gbé fóònù pẹlẹbẹ kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

"Bàbá, ǹjẹ́ oúnjẹ máa ń tán nílé kí ẹ tó rí òmíràn rà?"

"Ká má rí i! Oúnjẹ kì í tán nílé mi."

"Ǹjẹ́ ẹ ti ta dúkìá rí nítorí àìsàn?"

"Èmi? Ọmọ mi, mo ń rà ni, n kì í tà. Àfi táyà."

"Kí ni ẹ ṣe aláìní jù nílé yìí?"

Sàrúmì fọwọ́ nu irùngbọ̀n. "Alìhámúdúlíláì, a ò ṣaláìní nǹkan kan."

Sìdíkátù dúró lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ìwé pélébé Ọláìtán ṣì wà nídìí aṣọ rẹ̀. Ìyàwó kì í já ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà ṣe kọ́ ìyá rẹ̀. Ó sì ń retí pé ọmọ tó kàwé tó báyìí á mọ̀ pé ẹnu àgbà kọ́ ni wọ́n ti ń mọ ohun tó ń ṣe àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọwọ́ ọmọ náà ò mọ àgbà. Ó ka àga mẹ́rin, ó ka tábìlì, ó bojú wo inú yàrá, ó ka òpó abọ́ méje. Nígbà tó dìde, Sàrúmì fi owó sí i lọ́wọ́, ó ní kó fi ra epo sí alùpùpù rẹ̀.

Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń wá àánú ló ń fún alákọsílẹ̀ lówó epo!

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri ilé Mùktárù. Sàrúmì kò sí níbẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀? Húsnà ni. Ìdí rẹ̀ rọrùn: nígbà tí Títílọpẹ́ kúrò ní ilé Sàrúmì tó yà sí ilé kejì, kò bá àga kankan níbẹ̀, kò bá tábìlì. Orí ẹní ni Húsnà jókòó sí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Àga rẹ̀ wà nílé Sìdíkátù.

Húsnà sunkún nígbà tó mọ̀. Ó mú káàdì náà wá, ó ní, "Ìyá, ẹ gbà á, ẹ lò ó, ara mi le." Ṣùgbọ́n àwòrán Húsnà ló wà lára rẹ̀, àti ìtẹ̀ka Húsnà. Sìdíkátù dá a padà fún un. Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o lò ó." Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Mùktárù ní kò tán síbẹ̀, pé ìgbìmọ̀ kan wà ní mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú, tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n fo orúkọ wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń jókòó. Sìdíkátù wọ sẹ́mì, ọ̀kadà akérò, ó lọ. Ìgbìmọ̀ ò jókòó. Wọn ò tíì yan alága. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní àwọn ló mú káàdì wá, àwọn ló ni àga náà. Ẹgbẹ́ kejì ní ìlú ló ni káàdì, pé wọ́n ti fi orúkọ àwọn ìbátan wọn kún ìwé, pé àwọn ò ní jókòó pẹ̀lú olè. Ìṣẹ́gun kejì, bákan náà. Ìkẹta, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ọdún. Ìjókòó gígùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí Sìdíkátù máa ń jókòó sí. Nígbà tó yá, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti ń bá a sọ ọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Ní Kútọnu náà, wọ́n ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní òfin kan ń bọ̀ tí yóò sọ káàdì náà di ti gbogbo ènìyàn, olówó àti aláìní, tí yóò sì fi òdiwọ̀n sí owó tí wọ́n ń ta oògùn. Àwọn aṣòfin jókòó lé e. Lára wọn ni àwọn tó ni ilé ìwòsàn aládàáni, àwọn mìíràn jẹ́ àna àwọn tó ń kó oògùn wọlé. Ẹni tó ń ta omi ni ẹ ní kó wá gbàdúrà fún òjò? Wọ́n ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ìdìbò dé, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìdìbò lọ, wọ́n yan ìgbìmọ̀ tuntun pé kó wo ohun tí ìgbìmọ̀ àtijọ́ wò. Sìdíkátù á máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ti ń fọ egbò. Kò gbóríyìn, kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń bú wọn níhìn-ín.

Òun, abọ́ ló ń tà. Èyí tó wà lọ́jà ti lọ tòun ti owó tó fi ń ṣòwò, ó wá ku ti inú yàrá. Òpó àkọ́kọ́ di abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó o lọ, ó sunkún, ó na ọwọ́ sí ògiri níbi tó ti wà, ojú ògiri náà mọ́ ju ìyókù lọ. Òpó kejì, kò sunkún. Òpó kẹta, ìyá ìyàwó kan láti Banikanni ló wá rà á fún ọmọ rẹ̀, ó ń gbàdúrà kíkankíkan, Sìdíkátù ń ṣe àmín, ó sì ń ronú pé òun ò tíì fi omi sórí iná. Nígbà tó fi di òpó karùn-ún, kò bojú wẹ̀yìn wo ọmọlanke tó kó o. Ohun kan ti kú nínú obìnrin náà, bí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ń dáná, ó ń fọ egbò, ó ń sùn, ó ń jí. Bí o bá bi í pé báwo ni, á ní a dúpẹ́.

Ní àkókò òjò, ẹsẹ̀ náà dúdú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n kọ ìwé ohun tí wọn yóò rà: ìbọ̀wọ́, abẹ, okùn tí wọ́n fi ń rán ojú abẹ, òwú, omi inú ike tí wọ́n ń fà sí ara. Sìdíkátù sáré lọ sí ilé olóògùn, ó sáré bọ̀, wọ́n ní ó gbàgbé nǹkan kan, ó tún sáré lọ. Fàdílù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ alágbàrù ní èbúté Kútọnu, fi ohun tó ní ránṣẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní, "Ìyá, ẹ ò ní gbé e lọ sin ni?"

Kò bá nǹkan kan wá tó lè gbé e sí, àfi abọ́ kan. Abọ́ ìsàlẹ̀ òpó keje ni, èyí tó tóbi jù, olódòdó pupa tó ní ìdérí, tó fi gbé oúnjẹ wá fún àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn pẹ̀lú rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́. Wọ́n fi aṣọ funfun di ẹsẹ̀ náà, wọ́n gbé e sí i, ó dé e. Ó gbé abọ́ náà lé itan lórí sẹ́mì. Ọlọ́kadà náà jẹ́ ọmọ aláwàdà, ó ní, "Ìyá, òórùn ọbẹ̀ yín ò tiẹ̀ jáde rárá! Ibi àsè wo lẹ ń gbé e lọ, kí n yà bá yín jẹ níbẹ̀?" Sìdíkátù ní kó máa wo ọ̀nà. Àáfà kan bá a gbẹ́ ilẹ̀ ní igun itẹ́ òkú. Kò lè gbé abọ́ náà padà wálé. Abọ́ bá ẹsẹ̀ lọ sínú ilẹ̀.

Bí ọ̀ràn ẹsẹ̀ òsì ṣe rí nìyẹn. Ẹ wá mọ ìdí tí ìgbálẹ̀ fi ń gún ti ọ̀tún láràárọ̀. Ọláìtán ti sọ ọ́ ní gbangba: láìsí abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́, ti ọ̀tún náà yóò tẹ̀ lé e. Abọ́ ò sì sí mọ́ tí wọn ó tà.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn Alàmísì àkọ́kọ́ yẹn, Mùktárù tún rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ẹgbẹ́ tó gorí àlééfà ní irọ́ pọ̀ nínú ìwé àtijọ́, pé kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo Ladjifarani ti gbọ́n. Ẹni tó ní alùpùpù gbé e lọ sílé àna. Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n fi aṣọ dì í sábẹ́ ibùsùn. Alápatà kan ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ aṣọ tó ya, kí wọ́n máa yí nínú iyẹ̀pẹ̀. Sìdíkátù kò ní ohun tí yóò gbé pamọ́. Ẹní méjì, àwo ike, ìkòkò, àti ògiri tí ojú ibi méje mọ́ lára rẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tó gbọ́ ìró alùpùpù lójú títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé ilé Húsnà kó tó mọ̀. Ó ti di àga kan mú. Húsnà di apá kejì mú.

"Ìyá, rárá o. Ẹ jọ̀ọ́. Lónìí, ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀."

Sìdíkátù wo àga náà. Ó fi í sílẹ̀, ó padà sílé lọ́wọ́ òfìfo.

Títílọpẹ́ náà ni. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó sórí ẹní. Sàrúmì fẹ̀yìn ti ògiri. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé kejì, ó ti wọ agbádá ọdún Iléyá náà, ó ti dé fìlà, ó sì ti tẹ́ agbádá bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ débi pé bí o bá wò ó, o ò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ò sí níbẹ̀. Ọmọ náà wo yàrá yíká. Ojú rẹ̀ dúró lára ògiri.

"Bàbá, ẹ̀rọ yìí ní ẹnu olórí ilé ni mo gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ṣé ara yín le?"

"Ara mi le koko."

"Ǹjẹ́ aláàbọ̀ ara kankan wà nílé yìí?"

"Kò sí."

"Ṣé oúnjẹ máa ń tán?"

"Kì í tán."

Ọmọ náà tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rọra ní, "Bàbá, kí ni ẹ ṣe aláìní?"

Sàrúmì gbé ọwọ́ sí irùngbọ̀n. Sìdíkátù mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ti gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ awó, ó gbọ́ ọ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Kò bínú. Ó dìde níbi tó wà, ó tẹ̀ síwájú, ó mú etí agbádá náà, ó ká a sókè dé itan.

"Kọ ọ́," ló wí.

Kùkùté ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, ojú abẹ rẹ̀ pupa. Sàrúmì wo agbádá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wá gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

"Sìdíkátù."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Fàdílù, kò pe orúkọ yẹn rí. Ìyá Fàdílù ló ń pè é. Ojú tì í, ojú tì í dé eegun, obìnrin náà rí i. Ṣùgbọ́n kò sọ aṣọ náà sílẹ̀.

"Oúnjẹ máa ń tán," ló wí fún ọmọ náà. "Kọ ọ́. Ó tán láná. Iyọ̀ tán. Abẹ́rẹ́ tán láti ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn abọ́ tí o kà níjọ́sí, mo ti tà wọ́n tán. Àga tí o jókòó lé nígbà náà, Húsnà ló ni ín. Ohun tí a ó fi wo ẹsẹ̀ tó kù yìí ni a ṣe aláìní. Kọ gbogbo ẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, ó ń kà á bí ẹni tó ń ka ọjà fún oníbàárà. Títílọpẹ́ ló ń sunkún, ó ń kọ ọ́, omi ń kán sórí ẹ̀rọ náà. Nígbà tó parí, ó ní orúkọ wọn yóò wọlé, ó dá òun lójú. Ìwé náà yóò lọ sí mẹ́rì, láti mẹ́rì yóò lọ sí Kútọnu.

"Ìgbà wo ni káàdì yóò dé?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. "Wọn ò tíì dìbò lórí owó ẹ̀, Ìyá. Wọ́n ní oṣù tó ń bọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀," ni Sìdíkátù wí. Ó sin ín dé ojúde. Kò sí owó epo tí wọn yóò fún un.

Nígbà tó wọlé, Sàrúmì ti bọ́ agbádá, ó ti dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Sìdíkátù gbé oúnjẹ tí Húsnà fún un síwájú rẹ̀, kò jẹ. Ó kí i, kò dáhùn. Títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ fi mọ́, ọkùnrin náà kò la ẹnu.

Láàárọ̀, Sìdíkátù kírun. Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó jókòó sídìí ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò ní láti sọ fún un pé kó kọjú sí ògiri.

"Ṣé ó ta yín?"

Kò dáhùn.

Ó gún ìka kejì. Ó gún gìgísẹ̀. "Ibí ńkọ́?"

Kò dáhùn. Kì í ṣe pé ó ń sùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sísàlẹ̀. Sìdíkátù tẹ ìgbálẹ̀ náà sí i, títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ bíńtín.

"Bàbá Fàdílù, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọdún Iléyá. Ṣùgbọ́n ẹ dá ẹsẹ̀ lóhùn. Ṣé ó ta yín?"

Ọkùnrin náà kò wí nǹkan kan. Sìdíkátù ò sì mọ̀ bóyá ìbínú ló pa á lẹ́nu mọ́, tàbí ẹsẹ̀ ni kò gbọ́. Ó di ẹsẹ̀ náà mú lórí itan rẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó, ó ń dúró kí ọkọ rẹ̀ bú òun.